Rẹsitọ́ránǹtì Faransé olówó gọbọi: ṣé àwa la ò mọ oúnjẹ ni àbí wọ́n rẹ́ wa jẹ?

Àbúrò_Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ Faransé bá mi dá sí i, torí mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n bínú ni àbí kí n panu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mi ò ní ra aṣọ, mi ò ní ra bàtà, ibi tó dáa gan-an ni màá mú wọn lọ, kí wọ́n jókòó kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì máa gbé e wá kó sì máa gbé e lọ. Ni mo bá búùkù rẹsitọ́ránǹtì Faransé kan tí gbogbo èèyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀, irú èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ gba nọ́mbà káàdì ẹ sílẹ̀ tí wọ́n á ní tó ò bá yọjú àwọn á yọ owó. Kò burú, mo fún wọn.

Ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì ni wọ́n fi wá sí. Tábìlì méjì wà lófìfo lẹ́bàá fèrèsé, mo bèèrè, wọ́n ní àwọn kan ti gbà á sílẹ̀, a jẹun tán a dìde, kò sẹ́ni tó wá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo mẹ́nù, wọ́n rí "ris de veau", wọ́n bi wétà pé ẹ jọ̀ọ́ kí nìyẹn. Ó ní "Ẹran ni." Ó yíjú síbòmíì. Ẹran ni! Bí ẹni pé wọ́n bi í bóyá bébà ni. Ẹ̀gbọ́n mi kàn pa mẹ́nù dé, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ohun tó bá ti wù mí, èmi sì mọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ inú wọn ti bà jẹ́ nìyẹn.

Oúnjẹ wá dé. Èmi mú ẹja turbot pẹ̀lú sọ́ọ̀sì bọ́tà tí wọ́n ń pè ní beurre blanc. Àwo yẹn gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, àmọ́ nígbà tí mo fi fọ́ọ̀kì ya ẹja, àárín ẹ̀ tutù. Sọ́ọ̀sì náà ò tiẹ̀ ṣeé wò, òróró ń sàn lọ sápá kan, nǹkan funfun hóró-hóró dúró sápá kejì. Wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, àárín ẹ̀ pupa, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn dá a padà síná díẹ̀, wétà ní "Bí ṣẹ́ẹ̀fù ṣe ń ṣe é nìyẹn." Soufflé, oúnjẹ ẹlẹ́yin tó máa ń wú nínú ààrò, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń retí látàárọ̀, ìgbà tá a bèèrè fún un wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, ó yẹ ká ti sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ fún wa?

Bíìlì dé. Omi tá ò bèèrè tí wọ́n kàn ń ṣí ìgò ẹ̀ léraléra wà níbẹ̀. Wáìnì tí ọkùnrin tó ń bójú tó wáìnì ní "èyí ló máa bá a mu" láì dárúkọ iye tó jẹ́, wáìnì yẹn nìkan fẹ́ẹ̀ tó oúnjẹ àwa méjèèjì. Wọ́n ti fi owó sáfíìsì kún un nísàlẹ̀, ìgbà tí wọ́n tún gbé ẹ̀rọ káàdì dé, ẹ̀rọ náà tún ń bi mí pé típù èló ni màá fi sílẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: èwo nínú gbogbo ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tó jẹ́ àwa la ò mọ̀, èwo ni wọ́n fi rẹ́ wa jẹ? Ṣé nǹkan ṣì wà tí mo lè ṣe sí i báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́

Wọ́n rẹ́ yín jẹ, ó parí. Kí lẹ tún ń bèèrè?

Ibi tí àwo ti fẹ̀ rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí oúnjẹ inú ẹ̀ ò ju ẹnu méjì lọ, tí wọ́n á wá kán sọ́ọ̀sì tó-tó-tó yí i ká, ẹ má pè mí síbẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sírú ẹ̀ rí, odindi èèyàn kan dúró lórí wa ó ń ṣàlàyé kárọ́ọ̀tì. Oko tó ti wá, ẹni tó wú u, bí wọ́n ṣe sè é nínú omi ara ẹ̀. Kárọ́ọ̀tì! Mo ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ ná. Ìgbà tó yá wọ́n fi ọmọrí fàdákà bo àwo, wétà méjì dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ka nǹkan láàárín ara wọn, wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà wàìì, gbogbo ilé ń wò wá, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò tó ìka mi. Yànga ni gbogbo ẹ̀. Ẹ sọ fún báńkì yín kí wọ́n gba owó yẹn padà kíá.

WétàTẹ́lẹ̀

Ẹ má tíì sáré lọ bá báńkì o. Ọ̀gá òkè yìí fẹ́ kó yín sí wàhálà ni. Oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sanwó ẹ̀, ẹ̀yin àti ilé oúnjẹ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ jọ sọ ọ́.

Mo ṣiṣẹ́ nírú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fọ́dún gbọọrọ, mo gbé àwo, ìgbà tó yá wọ́n fi mí sí passe, ìyẹn orí káńtà tí kíṣìnì ti ń fa oúnjẹ lé wétà lọ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbèjà wọn níbi tó yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ò lábùkù. Àyà pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń pè ní magret, bí wọ́n ṣe ń gbé e wá nìyẹn, awọ ẹ̀ á ti dín gbẹ, àárín ẹ̀ á pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n bá sè é jinná kanlẹ̀ á le. Bí ti ẹran màlúù náà ṣe rí nìyẹn lọ́dọ̀ wọn: bleu, iná kàn kàn án lára lásán ni, saignant, ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, à point, àárín ẹ̀ ṣì pupa, bien cuit ló jinná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ à point tán kí wọ́n tó rí i pé kò jinná tó ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Àmọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ ò lábùkù ò sọ pé wétà jàre. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń pàṣẹ oúnjẹ pé "ma, pupa la máa ń gbé e wá o, ṣé ẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Tí ẹ̀gbọ́n yín bá tún ní kí wọ́n dá a padà síná, wọ́n á dá a padà. Ṣẹ́ẹ̀fù á bínú lóòótọ́, á bú wa ní kíṣìnì dáadáa, àmọ́ òun kọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Soufflé náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹyin funfun tí wọ́n lù títí tó fi gba afẹ́fẹ́ sínú ló ń gbé e dìde, ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ fẹ́ ẹ ni wọ́n á tó ṣe é, ó ń lọ bí ìṣẹ́jú 20 kó tó jáde nínú ààrò, tó bá sì ti jáde, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ló ti ń rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba ọ́dà ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́ sára mẹ́nù lábẹ́ ẹ̀. Tí wọn ò bá kọ ọ́, tí wétà ò sì sọ ọ́, ẹ̀bi wọn ni, ẹ ò lè lá a lálàá.

Ẹja yẹn wá ni o. Ẹja yẹn ló bí mi nínú.

Àwo gbígbóná pẹ̀lú ẹja tútù, mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Inú àpótí tó ń móoru ni wọ́n ń kó àwo sí, torí náà àwo á máa gbóná láìka ohun tó wà nínú ẹ̀ sí. Tí wọ́n bá yọ ẹja tó nípọn bíi turbot látinú fìríìjì tí wọ́n jù ú síná tààrà, ara ẹ̀ á ti jinná kí iná tó dé àárín. Ẹ tún wá fi sọ́ọ̀sì yẹn kún un. Beurre blanc, wọ́n á se wáìnì funfun àti fínígà pẹ̀lú àlùbọ́sà kéékèèké títí á fi fẹ́ gbẹ, wọ́n á wá máa ju bọ́tà tútù sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa lù ú lórí iná jẹ́jẹ́ kó lè di ọ̀kan, kó ki, kó máa dán. Kò fẹ́ gbígbóná jù, kò fẹ́ tútù. Tó bá ti hó, ó já nìyẹn. Tó bá tutù, bọ́tà inú ẹ̀ á dì, ẹni tó bá tún gbé e padà síná láti gbóná ẹ̀, òróró á bọ́ sápá kan, ìyókù á dúró hóró-hóró. Ohun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yẹn gẹ́lẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé àwo yín sílẹ̀ lábẹ́ iná passe tó ń dúró de pẹ́pẹ́yẹ, torí àwo tábìlì kan gbọ́dọ̀ jáde pa pọ̀, ó lè jẹ́ pé sọ́ọ̀sì ti já látinú ìkòkò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹnì kan dúró síbẹ̀ tó wò ó tó ní máa gbé e lọ. Kì í ṣe oúnjẹ Faransé tó yàtọ̀ nìyẹn o, iṣẹ́ burúkú ni. Nínú ètò kíṣìnì tí Auguste Escoffier fi lélẹ̀, tí wọ́n ṣì ń lò kiri ayé, ẹni tó ń ṣe sọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ipò wọn ga jù lọ níbẹ̀. Sọ́ọ̀sì lẹ sanwó fún. Ẹja, ẹ lè rà á níbikíbi.

Ris de veau, ẹ̀yà ara ọmọ màlúù ni, kókó rírọ̀ kan tó wà lápá ọrùn, tí ọmọ náà bá ti ń dàgbà á máa rún lọ. Ó dùn tí wọ́n bá dín ìta ẹ̀ tó gbẹ tí inú ẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ jẹ́ n tú àṣírí kan fún yín: wétà tó dáhùn pé "ẹran ni", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ṣẹ́ẹ̀fù á ka gbogbo ohun tó wà lórí mẹ́nù fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa tọ́ èyí tó bá jẹ́ tuntun wò. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéraga ni wọ́n á fi bo àìmọ̀.

Àbúrò_Ìyá_Ìbejì

Ọlọ́run ń gbọ́ yín o WétàTẹ́lẹ̀. Ẹ ò tíì sọ ti wáìnì.

WétàTẹ́lẹ̀

Ah, mo gbàgbé. Ẹni yẹn, sommelier ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe dandan kó dárúkọ owó, ó wà lórí ìwé wáìnì, òfin ilé ni, torí àwọn kan ò fẹ́ kí àlejò wọn gbọ́ iye tí wọ́n ń ná. Àmọ́ ọ̀nà kan wà. Ẹ ṣí ìwé yẹn, ẹ fi ìka sórí iye owó kan tó bá agbára yín mu, ẹ ní "irú èyí ni mò ń wá." Á yé e lójú ẹsẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ mú wá ò ní mọ nǹkan kan. Sommelier gidi á bọ̀wọ̀ fún un, èyí tó bá tún ń tì yín sókè lẹ́yìn ìyẹn, ọjà ló ń tà.

Ẹ̀kán tó sì kọ́kọ́ máa ń dà sí ife yín yẹn, kì í ṣe pé ó ń bi yín bóyá ó dùn mọ́ yín. Ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ bóyá ó bà jẹ́ ni. Tó bá ń rùn bíi páálí tó tutù sómi, kóòkì tí wọ́n fi dé ìgò ló bà á jẹ́, ẹ dá a padà, wọn ò ní jiyàn.

AráLyon

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ bíìlì ni tèmi, ìlú tẹ́ ẹ ti jẹun ló máa pinnu ẹ̀, ẹ ò sì dárúkọ ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé níbi, iye tó wà lórí mẹ́nù ni iye tẹ́ ẹ máa san, owó orí àti owó sáfíìsì ti wà nínú ẹ̀, láti 1987 ni wọ́n ti fi í sófin pé bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sára mẹ́nù nìyẹn, ẹ máa rí "service compris" nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tún fi owó sáfíìsì kún un nígbẹ̀yìn, ó jalè. Típù, ìfẹ́ inú ni, àwọn ará ibí máa ń fi owó ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ tí inú wọn bá dùn, tí inú wọn ò bá dùn wọ́n á dìde lọ, kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n. Lórílẹ̀-èdè mìíì, ìlànà wọn lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn gẹ̀ẹ́sì ẹ máa rí 12.5% nísàlẹ̀ bíìlì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe dandan, tí iṣẹ́ wọn ò bá dáa ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n á yọ ọ́. Àmẹ́ríkà wá jẹ́ ti ara wọn pátápátá, àwọn wétà ibẹ̀ típù ni wọ́n fi ń jẹun.

Omi. Ẹ gbọ́ ti omi yìí dáadáa. Tí wétà bá bi yín pé "plate ou gazeuse?", omi lásán àbí èyí tó ní gáàsì, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì, omi inú ìgò lẹ ti rà yẹn. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ ni "une carafe d'eau". Omi ẹ̀rọ ni, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń jẹun, búrẹ́dì náà ọ̀fẹ́ ni, ibi tó wù kó ga tó. Láti January 2022 òfin tún ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi tójú ti máa rí i pé èèyàn lè bèèrè fún omi ọ̀fẹ́. Èmi máa ń sọ ọ́ láì tijú, kódà níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọ̀wọ́ funfun gbé àwo. Wétà mìíì á rọra gbójú sókè díẹ̀. Kó gbé e sókè. Omi mi á dé.

Àfikún kékeré kan, ẹ má jẹ́ kí "fait maison" tẹ́ ẹ bá rí lórí mẹ́nù tàn yín. Òfin 2014 ni, àmì ìkòkò tí ọmọrí ẹ̀ rí bí òrùlé ilé. Ó sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sè é látinú nǹkan tí wọn ò tíì sè, àmọ́ nǹkan yẹn lè jẹ́ èyí tó ti dì nínú yìnyín. Kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe máa dùn.

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́

Ẹ wò ó, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ló ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Èèyàn á ka ìwé òfin kó tó lè mu omi! Oúnjẹ nìyẹn àbí ìdánwò?

Ẹ̀gbọ́n_Gbogbo_Ilé

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́, farabalẹ̀. Àbúrò mi tó bèèrè ọ̀rọ̀, ṣé torí ìràwọ̀ Michelin, àmì tí ìwé Michelin ń fún ilé oúnjẹ tó dáa gan-an, lo ṣe mú ibẹ̀?

Àbúrò_Ìyá_Ìbejì

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo rí i kà pé wọ́n ní ìràwọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Gbogbo_Ilé

"Wọ́n ní" àbí "wọ́n ti ní in rí"? Lọ wò ó nínú ìwé Michelin tọdún yìí. Ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe oyè tí wọ́n fi ń jókòó títí ayé. Ilé oúnjẹ Paul Bocuse nítòsí Lyon, tí AráLyon á mọ̀ dáadáa, ìràwọ̀ mẹ́ta ló ní láti 1965, ọ̀gá yẹn kú ní 2018, nígbà tó di 2020 wọ́n yọ ọ̀kan. Ariwo sọ nílẹ̀ Faransé. Tí wọ́n bá lè yọ ti ìyẹn, ta ni wọn ò lè yọ tiẹ̀?

Ohun kejì, àwọn èèyàn ò mọ ohun tí ìràwọ̀ yẹn ń wọ̀n. Ilé iṣẹ́ táyà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn ní 1900 fáwọn onímọ́tò, 1926 ni ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́ta ní 1931. Ohun tó wà nínú àwo nìkan ló wà fún: bí èròjà ṣe dáa tó, ọwọ́ ẹni tó sè é, bí adùn ẹ̀ ṣe bára mu, ìwà ṣẹ́ẹ̀fù nínú oúnjẹ ẹ̀, àti pé ṣé bó ṣe dùn lónìí náà ló ṣe máa dùn lọ́la. Àga, aṣọ tábìlì, ẹ̀rín wétà, kò sí ìkankan níbẹ̀. Torí náà ẹja tútù àti sọ́ọ̀sì tó já, ìyẹn gan-an ló tako ìràwọ̀ wọn, àmọ́ "ẹran ni" yẹn, wọ́n lè máa sọ ọ́ lójoojúmọ́ kí ìràwọ̀ wọn ṣì wà lókè.

Èmi sì rò pé ohun tó dun ẹ̀gbọ́n ẹ jù nìyẹn o. WétàTẹ́lẹ̀ ti fi gbogbo agbára ṣàlàyé sọ́ọ̀sì, ó ṣeun, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yéni. Àmọ́ ẹja tutù, ẹ̀gbọ́n ẹ ò jẹ ẹja. Ìbéèrè ni wọ́n bèèrè, wọ́n sì dá wọn lóhùn bí ọmọdé. Àti ìgbà yẹn ni wọn ò ti gbádùn nǹkan kan mọ́, kódà ká ní pẹ́pẹ́yẹ yẹn ti ọ̀run wá.

WétàTẹ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ẹja ni kó fi ṣáájú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ máníjà wa. Tí oníbàárà bá kọ "wétà yín fojú di wa", máníjà á pe wétà, wétà á ní irọ́ ni, ẹnu mi àti ẹnu ẹ, ó parí síbẹ̀, wọ́n á fi "a tọrọ àforíjì tẹ́ ẹ bá rò pé..." ránṣẹ́. Àmọ́ "sọ́ọ̀sì turbot já, ẹja tutù láàárín, a jókòó sí tábìlì báyìí ní aago báyìí", ṣẹ́ẹ̀fù ò lè jiyàn ìyẹn, ó mọ ẹni tó wà nídìí sọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ìyẹn máa ń bà wọ́n. Ibẹ̀ ni owó ti ń padà, tàbí kí wọ́n pè yín wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ọjọ́ mìíì, ẹ má jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ẹnu kejì, ẹ gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹ má pe wétà tó ń gbé oúnjẹ yín wá yẹn, ẹ ní ẹ fẹ́ rí maître d'hôtel, ìyẹn ọ̀gá àwọn wétà. Òun ló láṣẹ. Ẹ má gbóhùn sókè, ẹ kàn fi fọ́ọ̀kì ya ẹja yẹn kó fojú ara ẹ̀ rí i. Àwo tó bá padà sí kíṣìnì ní ìlàjì, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló máa bèèrè ìdí.

AráLyon

Kẹ́ ẹ tún máa lọ lọ́sàn-án o. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá ló ní mẹ́nù ọ̀sán tí owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an sí talẹ́, kíṣìnì kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó sì lè jẹ́ pé wétà ò tíì rẹ̀ nígbà yẹn.

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́

Èmi ò lọ lọ́sàn-án, mi ò lọ lálẹ́. Àmọ́ WétàTẹ́lẹ̀, mo fẹ́ bi yín ní tòótọ́: kí ló dé tí oúnjẹ fi kéré bẹ́ẹ̀?

WétàTẹ́lẹ̀

Mẹ́nù dégustation lẹ jẹ nìyẹn. Àwo méje mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan bá tóbi, àwo kẹta lẹ ti máa dìde. Ìdí tí wọ́n sì fi máa ń ní kí gbogbo tábìlì mú un pa pọ̀ ni pé kíṣìnì ò lè máa gbé àwo mẹ́jọ fún ẹnì kan kí ẹnì kejì máa wò ó lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ àjẹyó, ẹ mú à la carte, kẹ́ ẹ fúnra yín ṣa oúnjẹ tó wù yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ wá bistro lọ, ilé oúnjẹ kékeré tí kò ní yànga, ẹ kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣí ọmọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹran tí wọ́n sè látàárọ̀ nínú wáìnì wá pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀. Ẹ máa gbádùn ẹ̀, ó dá mi lójú.

Àmọ́ tí ebi ń pa èèyàn lẹ́yìn àwo mẹ́jọ, mi ò ní gbèjà wọn níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣe àṣejù.

Kò_Gba_Gbẹ̀rẹ́

Ó dáa. Ìkòkò ni mo fẹ́.

Àbúrò_Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo lọ wo ìwé tí ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ wò, wọn ò sí níbẹ̀ tọdún yìí. Ìràwọ̀ tí mo rí kà yẹn ti pẹ́, wọ́n ṣì fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́ wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì láì kọ ọdún kankan sí i. Bíìlì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìlú wa kì í ṣe ilẹ̀ Faransé, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé owó sáfíìsì ò pọn dandan. Inú wá tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kọ sínú ímeèlì rèé, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́. A jẹun lọ́dọ̀ yín lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èèyàn méjì, tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì. Àárín turbot tutù, sọ́ọ̀sì beurre blanc rẹ̀ ti já, òróró ti ya kúrò lára ìyókù. Pẹ́pẹ́yẹ pupa, a ní kí ẹ dá a padà síná, ẹ kọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àtìbẹ̀rẹ̀ la ti ń bèèrè soufflé. Nígbà tí àlejò mi bèèrè ohun tí ris de veau jẹ́, ìdáhùn tí wétà yín fún wọn ni 'ẹran ni'. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá owó ẹja àti owó sáfíìsì padà."

WétàTẹ́lẹ̀

Ó dáa. Ẹ yọ pẹ́pẹ́yẹ kúrò. Tẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀, òun nìkan ni wọ́n máa dáhùn, wọ́n á kọ ìwé gígùn láti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jẹ magret, wọn ò ní mẹ́nu kan ẹja rárá. Ẹ fi nọ́mbà bíìlì sí i.

Ẹ̀gbọ́n_Gbogbo_Ilé

"Ẹran ni" yẹn, má yọ ọ́ o.

Àbúrò_Ìyá_Ìbejì

Mi ò yọ ọ́ sà. Pẹ́pẹ́yẹ ti kúrò, nọ́mbà bíìlì ti wọlé. Mo ti fi ránṣẹ́.